Yíyún Kì Í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀

Ẹ kú ilé o, Màmi. Ẹ kú àdúrà, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú àárò àwa ọmọ tó jìnnà sí yín. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Aberdeen níhìn-ín, ní ilẹ̀ Scotland, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń gbá ènìyàn létí bí ẹni tó ń bá a jà. Ẹ bá mi kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, tó di bàbá fún wa láti ìgbà tí bàbá wa ti lọ. Ẹ bá mi kí Ìyá Ìwòpin, ọ̀rẹ́ yín, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi rán èrò sí mi ti dé ọwọ́ mi. Mo ra ewùrà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa, mo fi se ìkọ́kọrẹ́, mo sì jókòó ti ìkòkò náà títí ó fi tán. Ẹ bá mi kí gbogbo ará àdúgbò ní Òkè-Ṣópẹ́n, títí kan àwọn tó jáde wá wòran lọ́jọ́ tí wọ́n bú ọmọ yín.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi gbé lẹ́tà ìyá mi síta fún gbogbo ayé kà. Ìdí rẹ̀ ni pé ìta gbangba ni wọ́n ti bú Bùkọ́lá, àbúrò mi. Bí wọ́n bá ti ń bú ènìyàn níta, tí èsì rẹ̀ wá jẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé, èébú yẹn nìkan ni ìlú yóò máa rántí. Bùkọ́lá ti ní kí n kọ ọ́. Ìyá mi náà ti ní kí n kọ ọ́.

Màmi, ẹ ní kí n bá àbúrò mi sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí n bẹ̀ ẹ́ kó gba òrùka Tọ́pẹ́, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, padà. Èsì mi rèé, kí gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó bá yín gbọ́ ọ: mi ò ní bẹ̀ ẹ́. Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí ara tèmi kó tó dé ara tirẹ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń wọṣọ fún wọn, mò ń bá wọn jẹun, mo sì ń gbọ́ ìtàn kan náà lẹ́nu wọn lójoojúmọ́. Owó rẹ̀ ni mo fi ń ran ilé lọ́wọ́, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ohun tí mi ò sọ fún yín rí ni pé ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé, ojú ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ká ìwé yìí pọ̀. Ojú ara ni mo pè é. Àwa obìnrin ti pè é ní “ibẹ̀ yẹn” títí a ò fi mọ ohun tó ń ṣe é mọ́.

Òtútù ìlú yìí ló kọ́kọ́ fà á. Ṣòkòtò náílọ́ọ̀nù tó lẹ̀ mọ́ra ni mo máa ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ iṣẹ́, méjì lórí ara wọn, láti òwúrọ̀ títí mo fi máa padà sílé. Ṣùgbọ́n inú ilé ìtọ́jú náà máa ń gbóná bí ilé ìdáná, torí àwọn arúgbó ò fẹ́ òtútù. Òógùn á dá mọ́ mi lábẹ́, kò ní ríbi jáde. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún mí, mo ṣe ohun tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n ṣe. Mo fọ̀ ọ́. Mo ra ọṣẹ olóòórùn dídùn. Mo da oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nílẹ̀ ilé sínú omi gbígbóná, mo sì jókòó sínú rẹ̀. Bó ṣe ń ta mí sí i ni mò ń fọ̀ ọ́ sí i. Ó wá di pé tí mo bá tọ̀, màá di ògiri mú.

Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ta ni ǹ bá sọ fún? Kò sí ẹnì kankan nínú ilé tí mò ń gbé tó mọ orúkọ mi pè dáadáa. Bí ẹ bá pè mí lọ́jọ́ Àìkú, tí ẹ bi mí bí ara ṣe rí, màá ní koko lara mi le. Màá gbé fóònù sílẹ̀, màá sì tún lọ gbé omi gbígbóná kaná.

Ìyá arúgbó kan níbi iṣẹ́ wa ló là mí lójú. À ń jẹun àárọ̀ lọ́wọ́, gbogbo wa pé jọ sínú pálọ̀, ni ìyá yìí bá gbóhùn sókè, ó ní kí ẹnì kan bá òun pe nọ́ọ̀sì, ojú ara òun ń yún òun láti àná. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tó ní orí ń fọ́ òun. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mò ń retí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín. Kò sí. Bàbá tó jókòó tì í ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì rẹ̀ lọ. Wọ́n pe nọ́ọ̀sì fún un, nọ́ọ̀sì dé, ó mú un wọ yàrá. Màmi, mo dúró síbẹ̀, ife tíì wà lọ́wọ́ mi, omijé lé sí mi lójú. Ìyá yẹn lè sọ ọ́ láàárín àwọn ọkùnrin, èmi ò lè sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn. Obìnrin tó yẹ̀ mí wò, irun rẹ̀ ti funfun. Ó bi mí irú ọṣẹ tí mò ń lò, irú páàdì tí mò ń lò, irú ṣòkòtò tí mò ń wọ̀, kó tó bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá mo ní ọkùnrin. Nígbà tí mo sọ fún un nípa oògùn ilẹ̀, ó gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ojú ara obìnrin ń fọ ara rẹ̀ láti inú wá, pé àwọn kòkòrò rere wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ, ọṣẹ àti oògùn tí mò ń dà sí i ló ń lé wọn lọ. Ó ní kí n máa fi omi lásán tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ìta rẹ̀ nìkan, kí n má ti nǹkan kan bọ inú. Kí n máa wọ pátá tí wọ́n fi òwú ṣe, kó má fún mi, kí n bọ́ ọ tí òógùn bá ti mu ún. Kí n má lo páàdì olóòórùn. Tó bá ń yún mí gan-an, kí n fi aṣọ mímọ́ tí mo rẹ sínú omi tútù lé e, kí n má fi èékánná ha á. Wọ́n yẹ omi ojú ara mi wò, kò sí àrùn kankan níbẹ̀. Ọṣẹ ló bó mi. Mo dá gbogbo rẹ̀ dúró, kò sì pẹ́ tí ara mi fi balẹ̀.

Inú bí mi lọ́jọ́ náà ju bí inú mi ṣe dùn lọ. Gbogbo ìyà tí mo jẹ, omi lásán ni ìwòsàn rẹ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá Màmi ka ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Bùkọ́lá jẹ́ fún yín. Àbíkẹ́yìn wa ni. Yunifásítì ló wà ní Àgọ́-Ìwòyè, iṣẹ́ olùkọ́ ló ń kọ́, yàrá kan ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń gbé. Ó ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pẹ̀lú Tọ́pẹ́, ọmọ ìlú Awà, tí ìyá rẹ̀ àti ìyá wa jọ ń jọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan náà. Ní àsìkò òjò tó kọjá, ọ̀nà ọ̀fun ń dun Bùkọ́lá. Kò lọ rí dókítà, ó ra oògùn apakòkòrò oníhóró lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, ó lò ó, nígbà tí kò lọ dáadáa ó tún ra òmíràn. Ọ̀fun jinná. Ṣùgbọ́n ojú ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ohun funfun kan tó dì bíi wàrà sì ń jáde. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn nínú ilé wọn ní kó lo álọ́ọ̀mù, òkúta funfun tí wọ́n fi ń mú omi mọ́. Ó lo gbogbo rẹ̀. Ojú ara rẹ̀ wú, kò lè jókòó dáadáa ní kíláàsì mọ́.

Ó sọ fún Tọ́pẹ́, torí ó rò pé ẹni tí òun fẹ́ fẹ́ ni òun ń sọ fún. Tọ́pẹ́ lọ sọ fún ìyá rẹ̀.

Màmi, ẹ mọ ìyókù ju mi lọ, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ìyá Tọ́pẹ́ gbéra láti Awà lọ́sàn-án gangan, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, wọn ò wọlé. Wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kí ọmọ àwọn fẹ́ ẹni tí àrùn ìṣekúṣe ti ń jẹ. Wọ́n ní ta ni kò mọ ohun táwọn ọmọge ń ṣe ní Àgọ́-Ìwòyè. Àwọn ará ilé iwájú jáde, àwọn ará ẹ̀yìnkùlé jáde. Bùkọ́lá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Tọ́pẹ́ dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. Ẹ̀yin sì kúnlẹ̀, Màmi. Ẹ kúnlẹ̀ fún obìnrin tí ẹ fi ọdún jù lọ, ẹ ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wá gbọ́. Wọ́n ní kí ẹ mú Bùkọ́lá wá kó wá kúnlẹ̀, kó jẹ́wọ́ orúkọ ọkùnrin náà. Ẹ pè mí, ẹ̀ ń sunkún, ẹ ní aṣọ àdúrà rẹ̀ ni ẹ̀ ń lọ̀ lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé mo pariwo mọ́ yín. Mo ní ẹ ò ní mú un lọ síbì kankan àfi ọ̀dọ̀ dókítà. Mo ní tí ẹ bá mú ọmọ tí ara ń ta lọ síwájú èrò kó wá jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe, èmi náà á jẹ́wọ́ tèmi lórí fóònù, kí wọ́n gbé e sí etí ẹ̀rọ agbóhùnsókè kí gbogbo ìjọ gbọ́. Mo wá sọ tèmi fún yín, ọṣẹ, oògùn ilẹ̀, gbogbo rẹ̀. Ẹ bi mí bóyá ó ṣì ń ta mí. Mo ní rárá. Ẹ ní ó dáa, ẹ máa yọ áyọ́ọ̀nù nínú iná.

Ọjọ́ kejì lẹ bá a lọ sílé ìwòsàn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n mú omi ara rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ó ní ebu kan ni, ìbátan ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì. Ó ti ń gbé lára obìnrin jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀, àwọn kòkòrò rere ni kì í jẹ́ kó gbilẹ̀. Oògùn tí Bùkọ́lá lò fún ọ̀fun pa àwọn kòkòrò rere yẹn, ni ebu bá ráyè. Dókítà ní ọmọbìnrin tí kò mọ ọkùnrin rí lè ní in, aláboyún lè ní in, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà a sì máa ní in léraléra. Iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ àti álọ́ọ̀mù ló wá bó o lórí èyí tó ń yún un. Ó fún un ní oògùn tí wọ́n ń tì sójú ara àti ìpara tí wọ́n ń fi sí ìta rẹ̀, ó sì kìlọ̀ pé kó lò ó parí bí ara bá tilẹ̀ ti yá. Ara rẹ̀ yá. Ó padà sí kíláàsì.

Ẹ pè mí, ẹ̀ ń yọ̀, ẹ ní ojú ti ìyá Tọ́pẹ́. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dùn mí nínú ayọ̀ yẹn. Ká ní àrùn ìbálòpọ̀ ni ńkọ́? Ṣé ẹnu ọ̀nà wa yẹn ló yẹ kí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀? Àrùn bẹ́ẹ̀ ní oògùn. Ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n jọ ń lò ó, torí ẹni méjì ló ń jọ ní in. Tí omi tó ń jáde lójú ara bá ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ìyeyè, tó sì ń yún ènìyàn, àyẹ̀wò ló kàn. Tó bá ń rùn bí ẹja, kòkòrò mìíràn ló pọ̀ jù nínú ojú ara, ó ní oògùn tirẹ̀, fífọ̀ kò sì lè lé e lọ. Tí egbò bá yọ, tí inú ìsàlẹ̀ bá ń dunni, tí ibà bá dà á pọ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà nígbà tí kò yẹ, kí obìnrin má sùn lé e lórí. Kó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bú u, kó bú u nígbà tó bá ti dé láti ọ̀dọ̀ dókítà.

Nígbà tí Tọ́pẹ́ àti ìyá rẹ̀ gbọ́ èsì àyẹ̀wò, wọ́n padà wá láti Awà. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n wọlé. Wọ́n gbé èso àti ohun mímu wá, wọ́n ní àṣìsọ ni, wọ́n ní kí ètò ìgbéyàwó máa lọ. Ẹ ti ń dáhùn àmín. Bùkọ́lá ní kí wọ́n jọ̀ọ́, òun ní ìbéèrè kan fún Tọ́pẹ́. Ó ní lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ ń bú òun lẹ́nu ọ̀nà yìí, tí ìyá òun kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, kí ló sọ? Tọ́pẹ́ ní òun ò fẹ́ bá ìyá òun jiyàn lójú èrò ni. Bùkọ́lá ní ó dáa. Ó bọ́ òrùka, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ èso wọn, ó kúnlẹ̀ kí ìyá Tọ́pẹ́ pé wọ́n kú ìnáwó, ó sì wọ yàrá lọ.

Ẹ ní ìwà ìgbéraga ni. Ẹ ní ọmọ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo gbà pé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò, Màmi. Obìnrin á lóyún, á bímọ, á ṣàìsàn, ara rẹ̀ á yí padà ní oríṣiríṣi ọ̀nà nílé ọkọ. Ṣé gbogbo ìgbà tó bá ti ń dun Bùkọ́lá ni Tọ́pẹ́ á máa wo bàtà? Mo bi yín ní ìbéèrè yìí lórí fóònù. Ohun tí ẹ sọ dípò ìdáhùn ló mú mi jókòó kọ ìwé yìí.

Ẹ ní ohun kan ń ta yín náà. Ẹ ní láti ìgbà tí nǹkan oṣù yín ti dáwọ́ dúró ni ojú ara yín ti ń gbẹ, tó ń yún yín, tí ìtọ̀ ń ta yín. Ẹ ní ẹ rò pé ìyà ọjọ́ ogbó ni, pé omi gbígbóná oníyọ̀ lẹ fi ń rún un mọ́ra láti ọdún wọ̀nyẹn. Mo sunkún, ẹ̀yin náà sunkún. Mo ní kí ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yẹn. Ẹ lọ, ó ní bó ṣe ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn ìyá nìyẹn, pé ara ló dín omi tó ń mú ibẹ̀ rọ̀ kù, ó fún yín ní ìpara, ó ní kí ẹ fi omi iyọ̀ sílẹ̀. Ẹ ní ẹ lè jókòó parí ìsìn báyìí.

Mi ò tíì sọ èyí tó wú mi lórí jù. Ìyá Ìwòpin ló ròyìn rẹ̀ fún mi, torí ẹ̀yin ò ní sọ ọ́. Ní ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan dìde, ó ń kìlọ̀ nípa àwọn ọmọge ìsinsìnyí àti àrùn tí wọ́n ń kó wá láti yunifásítì. Gbogbo ojú yí sí yín. Ẹ dìde, ẹ tún gèlè yín ṣe. Ẹ ní ọmọ yín kò ní àrùn kankan, ebu ló ní, ó sì ti jinná. Ẹ ní ẹ̀yin alára, ìyá àgbà, ojú ara yín yún yín fún ọdún púpọ̀, ẹ ò sì mọ ọkùnrin kankan láti ìgbà tí ọkọ yín ti kú. Ẹ ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ dìde kí ẹ rí i. Ni Ìyá Ìwòpin fúnra wọn bá dìde, wọ́n ní ó ń yún àwọn pẹ̀lú, kí ẹ sọ irú ìpara tí dókítà fún yín. Wọ́n ní ìyá kan bi yín láti ẹ̀yìn bóyá ọṣẹ dúdú náà wà lára ohun tí kò dáa, ẹ sì ní kó má kan inú rẹ̀ rárá, ìta nìkan ni wọ́n ń fọ̀, omi lásán sì ti tó. Ìpàdé náà ò parí lásìkò.

Màmi, ẹni tó ṣe ìyẹn ló tún ń bẹ̀ mí kí n mú Bùkọ́lá padà lọ sábẹ́ ìbẹ̀rù ẹnu ayé? Ẹ má bẹ̀ mí mọ́. Ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Tí ọkùnrin tó lè sọ̀rọ̀ bá dé, a máa gbọ́.

Bùkọ́lá rán mi sí yín. Ó ní àwọn ọmọbìnrin tó wà nínú ilé tí òun ń gbé ní Àgọ́-Ìwòyè ti gbọ́ nípa ìpàdé yẹn, wọ́n fẹ́ kí ẹ wá bá àwọn sọ ọ́ láti ẹnu yín. Ó ní àwọn á yá àga. Ẹ lọ o, Màmi. Ẹ wọ aṣọ tó dára, kí ẹ sì pe nǹkan náà lórúkọ rẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó jẹ́ kí ara máa tù yín. Kí Bùkọ́lá ṣoríire, kí Bàbá Kékeré ṣe àgbà kalẹ́, kí Ìyá Ìwòpin má rí ìdààmú. Mo kí gbogbo obìnrin ìjọ yín, pàápàá ẹni tó bèèrè ọ̀rọ̀ ọṣẹ dúdú. Mo sì kí ìyá Tọ́pẹ́ ní Awà. Mi ò ṣépè fún wọn, kí ara wọn náà le.

Èmi ni, ọmọ yín tí ojú kò tì,
Fúnmiláyọ̀